Àgbo Tó Ń Fa Ọ̀rá

Ọjọ́ Ẹtì, ọyẹ́ ń fẹ́.

Mo fèsì fún ìyá ọkọ mi lónìí. 

Láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí, ìdí ààrò ẹja ni wọ́n fi mí sí. Mo sanra, ara mi ò gba ooru. Tí òógùn bá ti bò mí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ṣé ẹja lò ń yan ni àbí ara ẹ?" Lánàá ni wọ́n gbé ìgò àgbo kan fún mi, pé yóò fa ọ̀rá ara mi.

Láàárọ̀ yìí, Ìbàdíàrán, àbúrò ọkọ mi, ní kí n bá òun lọ gbé ìgèrè tí a fi ń mú ẹja lójú omi. Òun tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń gbọ̀n nínú ọkọ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, kò lè di okùn mú. Mo yọ ìborùn mi fún un, mo sì gbé gbogbo ìgèrè náà fúnra mi. Ara mi yá gágá.

A dé ilé, màmá tún bèèrè àgbo. Mo kúnlẹ̀, mo ní: "Màámi, ẹ jẹ́ kí Ìbàdíàrán máa yáná nídìí ẹja. Ojú omi ni kí ẹ fi mí sí. Ọ̀rá yìí laṣọ òtútù mi."

Ìbàdíàrán ní, "Òótọ́ ló sọ, Màámi."

Màámi kọjú sí ààrò, wọ́n ń yí ẹja. Ṣùgbọ́n mo ti da àgbo náà sínú omi tó wà lábẹ́ ilé orí òpó wa. Ẹja tó bá wù ú, kó mu ún kó rù. Èmi ti jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ mi yó.