Wákàtí Kan Àbọ̀ ní Inísà

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdù 2025
Tírélà kọ lu Tímótì àbúrò mi lórí ọ̀kadà ní Òkukù láàárọ̀ yìí. Orí ló fi lulẹ̀. Bọ́lájí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jórin, ló gbé e sínú mọ́tò. Ó pè mí: "Àǹtí, Ìkìrun là ń lọ o." Mo ní rárá, ó jìnnà, kí wọ́n yà sí kílíníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Inísà, màá bá wọn níbẹ̀.

Kò sí ọ́síjìn nínú sílíńdà wọn. Ẹni tó lọ gbé òmíràn ń bọ̀, ń bọ̀. Wákàtí kan àbọ̀. Ètè Tímótì dúdú bí ẹni lá yíǹkì. Ìgbà yẹn la tó gbé e dé ọsibítù Ìkìrun.

Ọjọ́rú, 11
Kò lajú.

Ẹtì, 13
Ọdún méjì ni mo fi wo ọpọlọ eku ní yunifásítì. Púrótéènì kan wà níbẹ̀ tí mo sọ ní Olùṣọ́. Bí ọ́síjìn bá tó, ara kì í jẹ́ kó pẹ́: bó ṣe ń dé ni wọ́n ń tú u ká. Ìgbà tí ọ́síjìn bá wọ́n ló ń pọ̀. Á kọ́ sẹ́ẹ̀lì bí yóò ṣe máa fi ṣúgà nìkan gbé ẹ̀mí ró, á ní kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ìnira náà bá pẹ́ jù — Olùṣọ́ kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún ikú. Sẹ́ẹ̀lì á máa pa ara wọn, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń lọ nínú orí yẹn. Ìmọ̀ náà ò wúlò fún un.

Àìkú, 15
Màámi àti àwọn ará ìjọ wọn wá, wọ́n wọ sùtánà, wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há. Lẹ́yìn náà Màámi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Fọláfúnmi, ṣebí ọpọlọ lo lọ kà. Kí ni oògùn rẹ̀?"

Mo ní àwọn eku tí a tètè fún ní oògùn tó ń dá Olùṣọ́ lọ́wọ́ kọ́, ó san fún wọn díẹ̀. Àwọn tí a fún nígbà tó ti pẹ́, tiwọn tún burú sí i. Ti èèyàn, a ò tíì mọ̀.

"Eku," ni Màámi wí. Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará ìjọ wọn.

Ọjọ́rú, 18
Dókítà Gbólóhùn-Kan — kì í sọ ju ẹyọ kan lọ — sọ mẹ́ta lónìí. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí kò pọ̀. Àìrí ọ́síjìn ló ba ọpọlọ jẹ́. Ta ló ní kí wọ́n dúró lọ́nà?

Rẹ̀mí, ìyàwó Tímótì, yíjú sí mi: "Àǹtí, ta ni?"

Mo ní bóyá Bọ́lájí ni.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹnu èmi yìí.

Ẹtì, 20
Bọ́lájí gbé ògì gbígbóná wá. Rẹ̀mí gbà á, ó dà á sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. "Apànìyàn! O wá wò ó bóyá ó ti kú?"

Bọ́lájí wò mí. Mo wolẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ìdúró," ó ṣa abọ́ rẹ̀, ó lọ.

Ajé, 23
Tímótì lajú! Màámi kúnlẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń kọrin. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo pe orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi bí ẹni ń wo ògiri. Apá ọ̀tún ò mì. Kò sọ̀rọ̀. Dókítà ní ó lè má kọjá ibẹ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 26
Rẹ̀mí bu oúnjẹ fún mi, mo dá a padà.

Àbámẹ́ta, 28
Mo sọ ọ́. Mo pe Màámi àti Rẹ̀mí sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn wọ́ọ̀dù: èmi ni mo ní kí wọ́n yà sí Inísà. Bọ́lájí fẹ́ máa lọ tààrà.

Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rẹ̀mí ò pariwo. Ó ní, "Ìṣojú yín ni mo ti pè é lápànìyàn. Ẹ dúró, ẹ ń wò mí." Ó yọ bàtà rẹ̀ tó ti já, ó fẹsẹ̀ lásán jáde lọ wọ mọ́tò Òkukù, láti lọ bá Bọ́lájí.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ Tímótì. Màámi na ọwọ́ dí ọ̀nà. Wọn ò gbójú sókè.

"Má tíì wọlé."