Màmá Ti Fún Fẹ̀yìntọlá Ní Máàkì Mi

Ojúlé Kejìlá,
Kado,
Abuja.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Keje, 2014.

Ẹ̀gbọ́n mi Adépéjú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà n'Ìbàdàn? Bàbá ń kọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ń kọ́? Ẹ ní kí n máa fi Yorùbá kọ̀wé sí yín, mo sì ń gbìyànjú. Ẹ bá mi tún ibi tó bá wọ́ ṣe.

Ìlara ló ń dà mí láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà. Fẹ̀yìntọlá, ọmọ Ìkìrun kan tí a jọ fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́yà, ló ń ti Bwari wá sílé wa ní Sátidé-Sátidé, kí a lè jọ dáhùn ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá. Mo rò pé ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Àfi bó ṣe kúnlẹ̀ kí Màmá, ọ̀rọ̀ parí. Màmá tó máa ń fi Sátidé sùn nítorí wàhálà iṣẹ́ ìjọba, wọ́n fa àga, wọ́n gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ wa, wọ́n di olùdánwò.

Ìbéèrè kan ní Ọ̀gbẹ́ni Jàbárù ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún èèyàn méjì. Mo ka òfin, mo dárúkọ àwọn ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ lédè òyìnbó. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ta ló wá ni ilẹ̀?"

Fẹ̀yìntọlá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnìkejì mọ̀ pé wọ́n ti tà á. Bó bá mọ̀, ẹjọ́ ló fowó rà, kì í ṣe ilẹ̀."

"Kai, lọ́yà mi. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Démiládé, mẹ́rin."

Mo ní ohun kan náà la sọ. Wọ́n ní èmi ń bá adájọ́ sọ̀rọ̀, Fẹ̀yìntọlá ń bá ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní kò sí òrìṣà bí ìyá. Tèmi ti ń gba ọrẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Gbogbo ìgbà tí mo wà lókè òkun, ohun tí mo ń rò ni pé bí mo bá dé, èmi àti Màmá á máa jókòó sọ̀rọ̀ títí. Ọmọ ọlọ́mọ ló wá jókòó síbẹ̀.

Lánàá, ibà ò jẹ́ kó wá. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run foríjì mí. Màmá wo ẹnu ọ̀nà títí, kí wọ́n tó ka ìbéèrè kan fún mi: ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀, kò sì kọ bí wọ́n ṣe máa pín ogún rẹ̀. Mo fi Yorùbá dáhùn. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kiri, Màmá ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bá mi sọ ọ́. Wọ́n kàn ń dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Mẹ́fà." Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ni fóònù bá dún. "Fẹ̀yìntọlá, ọmọ mi, ṣé o ti lo oògùn?"

Ọmọ mi ni wọ́n pè é, ẹ gbọ́ ná.

Mo gba fóònù náà, mo kí i pé ara á yá, mo sì ní kó rí i pé òun wá ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kó jókòó sí Bwari. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, kí Màmá wo àwa méjèèjì dáadáa, kí wọ́n tó fún mi ní mẹ́sàn-án.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ ohun tí mo kọ yìí o.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin tí ń jowú,
Olúwadémiládé.