Ìwé Pupa Tí Yóò Padà sí Ọ̀tà

“Ẹfúnkẹ́! Ẹfúnkẹ́ o! Ṣé etí rẹ di ni? Mú bírò wá kíákíá! Ohun tí mo bá sọ ni kí o kọ o, bí o bá yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ ni lónìí!”

Ohun tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo láti ìdí ààrò nìyẹn, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ni mo ṣe kọ ọ́. Inú ìwé mi yìí, tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara mi sí, ni mo ti ń gba lẹ́tà náà sílẹ̀ kí n tó dà á kọ sórí bébà tó mọ́. Àǹtí Kẹ́mi, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣiṣẹ́ l’Ọ́tà la ń kọ ọ́ sí. Bùrọ̀dá Cornelius ló máa gbé e lọ láàárọ̀ ọ̀la, torí ọkọ̀ típà tí wọ́n ń wà ń kó yanrìn láti Alápòtí wa níbí lọ sí ibi tí ìjọ kan ń kọ́lé sí lọ́hùn-ún. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́, tèmi ni. Màmá ò mọ̀wé kà, wọn ò lè rí i.

Olúkẹ́mi, Àjọkẹ́ mi, ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé ilé Ọ̀tà ń gbà ọ́ o? Bí o bá béèrè wa, a wà, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti ń rọlẹ̀, àbúrò rẹ náà wà, ó ń fajú ro bó ṣe máa ń ṣe. Ọlọ́run tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ tán nínú òkun kò ní í jẹ́ kí adùn tán nínú ayé rẹ. Yunifásítì tí o ń gbálẹ̀ rẹ̀ yẹn, ọmọ tìrẹ ló máa jókòó kàwé níbẹ̀, àmín.

(Mi ò fajú ro. Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn.)

Bí o bá rí bí ìlú yìí ṣe ń yí padà, ẹnu á yà ọ́. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti ri òpó mọ́ ọn, wọ́n ní ìjọ kan ló rà á, wọ́n ní yunifásítì mìíràn ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló wá máa gbin ẹ̀gẹ́ tí àwọn ọmọ yunifásítì máa fi mu gààrí, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Àwọn ìwé ìdáná mi wà dáadáa. Wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Mẹ́fà nínú wọn ni ìwé pélébé tí wọ́n máa ń fi sínú àpò ìyẹ̀fun láti ilé-iṣẹ́ tó wà ní Sángo, méjì ni èyí tí àwọn ìyá ìjọ tẹ̀ fún ìkórè, ìyókù ni èyí tí o ń ṣà fún mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí àwọn ọmọ olówó bá ń lọ sílé tí wọ́n ń da ẹrù nù. Mo kó wọn sínú kàtọ́ọ̀nù bísíkíìtì, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí bàbá rẹ máa ń sùn sí, torí òjò kì í jò débẹ̀. Olúkẹ́mi, àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí, èèyàn gidi ni wọ́n. Obìnrin ìlú wa tó bá mọ ọbẹ̀ kan sè, ọwọ́ ló máa fi bò ó, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ò ní mọ ohun tó fi sí i títí ó fi máa kú. Àwọn wọ̀nyí tú gbogbo àṣírí wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí wọn ò rí rí. Bí mo bá ṣí ìwé wọn báyìí, á máa ṣe mí bíi pé ẹnì kan fa àpótí fún mi, ó ní kí n wá jókòó ti òun nídìí ààrò.

Èmi náà sì ń pa òfin wọn mọ́. Ìwé ní ọbẹ̀ yìí wà fún èèyàn mẹ́fà, àwa méjì péré la wà nílé, ṣé mo wá lè sọ pé mo gbọ́n ju ẹni tó kọ̀wé lọ ni? Mo máa ń ránṣẹ́ pe mẹ́rin sí i ni. Sátidé tó kọjá, Bàbá Adérógbà ọ̀kánkán wa mú àlejò kan dání láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, a wá di méje, mo ní kí Ẹfúnkẹ́ bọ́ síta kí iye wa má bàa bàjẹ́.

(Ìdí igi ìbẹ́pẹ ni mo lọ jókòó sí, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lá ọwọ́. Mo pinnu pé mi ò ní bá Màmá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bo tèmi mọ́lẹ̀ sínú abọ́ kékeré, ẹran inú rẹ̀ sì tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Ìbínú mi ò ju ìdajì abọ́.)

Nùrẹ́nì tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agboòrùn ní òun ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan fóònù òun mọ́ láyé. Mi ò ṣe é ní nǹkan kan. Ìwé ní kí n dín àlùbọ́sà títí ariwo rẹ̀ á fi rọlẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá bó ṣe ń dún yẹn ti rọlẹ̀ tó. Mo ní kí Nùrẹ́nì gbé fóònù wá sílé, kó pè ọ́, mo wá gbé e sí ẹnu ìkòkò kí o lè fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. O kàn ń pariwo hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, o ò sọ̀rọ̀ àlùbọ́sà rárá. Nùrẹ́nì ní ooru ti wọ inú fóònù òun. Mo ní ooru ọbẹ̀ kì í pa èèyàn ẹlẹ́ran ara, báwo ló ṣe máa pa irin?

Ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé Ẹfúnkẹ́ lọ́wọ́ nìyí. Cornelius ti jíṣẹ́ rẹ. Ó ní ìwé pupa tó wà nínú àwọn tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ti ẹni tó ń da ẹrù nù, ti láíbírì yunifásítì ni. Ó ní bí kò bá padà kí ọjọ́ Jímọ̀ tó lọ, wọ́n á pè ọ́ ní olè, wọ́n á sì gba kọ́kọ́rọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ mi kì í ṣe olè. Ìwé náà ń bọ̀, mo ti fi aṣọ dì í. Kúnlẹ̀ fún wọn kí o tó fi lé wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bá mi ṣàlàyé fún wọn pé epo tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀bùn. Ìwé ìdáná tí epo ò kàn rí, bí ọkọ́ tí ò kan ilẹ̀ rí ló rí. Ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí. Mo mọ̀ pé àwọn ọjọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi se oúnjẹ inú rẹ̀ ni, torí náà mo ní kí Ẹfúnkẹ́ máa kọ ọjọ́ tèmi sábẹ́ tiwọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwé wọn ò jókòó lásán lọ́dọ̀ wa. Mo di ẹja gbígbẹ méjì mọ́ ọn, torí a kì í dá abọ́ olóore padà ní òfìfo.

Kì í ṣe ọbẹ̀ inú rẹ̀ ló ń dùn mí, mo ti há gbogbo ìyẹn sórí. Ìtàn obìnrin tó kọ ọ́ ni. Ẹfúnkẹ́ ń ka ojú ewé kan fún mi lójúmọ́ bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọbìnrin náà fi ilé sílẹ̀, ó lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ńlá kan nílùú ńlá, ó ń se oúnjẹ fún igba èèyàn, òun alára á máa jẹ búrẹ́dì lásán. Nílé, ìyá rẹ̀ ò yéé gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Á bu oúnjẹ sí i, á dé e, á tún ṣí i wò, ọdún méjì gbáko. Ibi tí a kà á dé nìyẹn. Mo sunkún, Olúkẹ́mi, nítorí obìnrin tí mi ò mọ̀ rí. Jọ̀ọ́, kí o tó fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, ka ìparí rẹ̀, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ṣé ọmọ náà padà wá jẹun?

(Ọwọ́ mi dúró níbí. Màmá ní kí ló dé, mo ní bírò ò yọ.

Kò sí abọ́ kankan nínú ìwé yẹn. Kò sí ọdún méjì. Mo kúrò níléèwé ní kíláàsì kejì girama nígbà tí Bàbá kú, gẹ̀ẹ́sì inú ìwé pupa sì le bí eegun. Mo làágùn lórí ojú ewé bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ó yé mi pé obìnrin kan ni, pé ó ní ìyá, pé ó ń dáná. Láti ibẹ̀ lọ, mo kàn ń yí ewé ni, mò ń sọ ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò lè kà á, torí Màmá ti sọ fún gbogbo Alápòtí pé akọ̀wé ni mí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe àwọn ọbẹ̀ inú rẹ̀. Bí mo bá kan ewé ọbẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mo máa ní ẹfinrin ni. Bí mo bá kan èso, mo máa ní ìyeyè ni. Lọ́jọ́ kan mo ní ìwé sọ pé kí wọ́n fún ìyeyè sínú ọbẹ̀ ẹja. Màmá tọ́ ọ wò. Wọ́n fi irú díẹ̀ sí i, wọ́n fa igi kan kúrò nínú iná, wọ́n dúró tì í. Nígbà tó yá, wọ́n ní obìnrin tó kọ ìwé yìí mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá Adérógbà fi ìka nu àwo. Mi ò tíì sọ fún Màmá rí pé kì í ṣe obìnrin náà ló ní ọbẹ̀ yẹn. Irọ́ ni mo pa, àwọn ni wọ́n sè é di òótọ́. Nínú gbogbo ìwé mẹ́rìnlá yẹn, kò sí ẹni tó mọ ọbẹ̀ tó Màmá mi.)

Bí nǹkan kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi rán Cornelius kí n fi ra epo sítóòfù, igi tútù ló kù nílẹ̀, èéfín ti fẹ́ fọ́ mi lójú. Má ra aṣọ fún mi. Ìwé ni kí o máa wò fún mi, ṣùgbọ́n kí o bi ẹni tó dà á nù léèmejì kí o tó mú un. Orúkọ rẹ ò ní dọ̀tí lẹ́nu ọ̀gá rẹ. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń jẹun, ìwọ náà á yó níbẹ̀, á sì kù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìkòkò mi ń hó, mo ń lọ. Èmi ìyá rẹ tó ń retí ìparí ìtàn.

Màmá ti padà sídìí ìkòkò. Mo tú aṣọ ara ìwé pupa, mo ṣí ewé tó gbẹ̀yìn, mo wò ó títí. Mo rí gẹ̀ẹ́sì “ìyá” níbẹ̀, mo rí ti “ilé”, mi ò mọ ohun tó ń sọ nípa wọn. Mo tún un dì.

Abọ́ inú ìtàn yẹn, mi ò wá a jìnnà. Abọ́ aláwọ̀ ewé tó wà lórí pẹpẹ wa ni. Ti Àǹtí Kẹ́mi ni, èmi ò gbọdọ̀ fi jẹun láé, mo sì máa ń bínú sí i gan-an. Ó ti pé ọdún méjì tí Àǹtí Kẹ́mi ti wálé gbẹ̀yìn. Bí Màmá bá ṣe ń nù ún ni mo ṣe ń sọ ọ́, Màmá ò sì fura pé àwọn ni mò ń kà sétí ara wọn.

Mo ti da lẹ́tà náà kọ báyìí. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ kankan, àfi ibi tí Màmá ti ní kí Àǹtí Kẹ́mi ka ìparí ìwé, kí wọ́n sọ bóyá ọmọ náà padà wá jẹun. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé: “Abọ́ rẹ ṣì wà lórí pẹpẹ. Ọjọ́ wo lò ń bọ̀?”

Mi ò ní sọ fún Màmá, mi ò ní sọ fún Àǹtí Kẹ́mi. Lọ́jọ́ tí Àǹtí Kẹ́mi bá dé, Màmá á ṣí ìwé kan, wọ́n á ránṣẹ́ pe èèyàn kún wa. Bí a bá sì wá di méje, kò sí ẹni tó máa lé mi. Èmi fúnra mi ni màá dìde lọ jókòó sídìí ìbẹ́pẹ.