Fóònù Tí A Fi Orúkọ Màmá Pè

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹwàá 2012

A dé. Òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà, igi páìnì yí i ká. Darwin ló wakọ̀ láti Temple, ìlú wa, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Tyler. Nígbà tó máa la ẹnu, ó ní, "Sístà, tí wọ́n bá dá wa lẹ́bi, kí la máa sọ fún Màmá?" Àbúrò mi ni, ọdún méjì péré ni mo fi jù ú lọ, àmọ́ èmi ló máa ń bi ní gbogbo ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí àwọn lọ́yà tó lọ́ ọ pọ̀. Ọwọ́ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àìsàn tí kì í lọ ni. Fóònù tí kò ní bọ́tìnnì wá gbòde, tí gbogbo ènìyàn ń fi ìka fa ojú gíláàsì — Màmá kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fẹ́ pe Darwin, ó pe ilé aṣerunlóge. Ni èmi àti Darwin bá kó sínú gáréèjì, a ṣe fóònù tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbọ̀n ọwọ́ àti ohun tí ọwọ́ ń wá. Ìka lè jó bó ṣe wù ú. Fóònù á ṣe sùúrù, á mọ ibi tó ń lọ. A pè é ní Albina, orúkọ Màmá.

Erin ní àwọn ló ni bí ìka ṣe ń rìn lójú gíláàsì. (Erin: ilé-iṣẹ́ fóònù ńlá yẹn. Mi ò fẹ́ kọ orúkọ wọn síbí, kí n lè rí oorun sùn.) Ìjọba fún wọn ní ìwé ẹ̀tọ́ pé àwọn ló kọ́kọ́ hùmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní olè ni wá. Ohun tó gbé wa wá sí kóòtù ìlú yìí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n yan àwọn ará ìlú mẹ́jọ tí yóò dá ẹjọ́ wa. Àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí oòrùn ti sun ọrùn rẹ̀ pọ́n. Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ ní ilé-ìwé. Àwọn yòókù, ojú wọn ti pò mọ́ra wọn lọ́kàn mi. Guidry, lọ́yà wa, ọmọ Beaumont, ní kí n má tẹjú mọ́ wọn. Mo tẹjú mọ́ wọn.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹwàá

Lọ́yà Erin. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti olùkọ́ ọmọdé. Kò pariwo rárá. Ó ní ẹni tó wọ oko olóko tó sì ya àgbàdo, bó jẹ́ ìyá rẹ̀ tí ebi ń pa ló ya á fún, oko olóko náà ló wọ̀.

Àgbẹ̀ yẹn mi orí. Mo rí i.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹwàá

Èmi ló jẹ́rìí lónìí. Mi ò rántí ohun tí mo sọ, àfi pé omi tí mo mu pọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kẹwàá

Prescott pè. Ọmọ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, òun ló ń yan fóònù tí wọ́n ń tà. Oníbodè ni èmi àti Darwin ń pe ilé-iṣẹ́ náà láàárín ara wa. Ní ilẹ̀ yìí, ènìyàn kì í kàn lọ ra fóònù. Inú ṣọ́ọ̀bù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lo ti máa rà á, pẹ̀lú àdéhùn ọdún méjì lọ́rùn rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá gbé sórí àtẹ, àfi bíi pé wọn ò ṣe é rí. Kódà tó o bá rí i rà níbòmíràn, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí, kó má gbé ìpè kankan. Èyí tí wọ́n gbà fún wa kò ju pé kí a fi igba Albina dán an wò lọ́wọ́ àwọn aláìsàn. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Màmá.

Ohùn Prescott dùn lónìí. Ó bèèrè Màmá. Ó ní, "Ẹ ṣáà borí ní kóòtù, Lorene. Ẹjọ́ yìí nìkan ló ń dá wa dúró. Àyè yín wà lórí àtẹ."

Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún Darwin lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹwàá

Temple. Ìyáàfin Hruska, aládùúgbò wa tó ń bá wa wo Màmá, ń yan kolaṣi, búrẹ́dì dídùn ilé wa. Màmá kò lè ká ìyẹ̀fun mọ́, nítorí náà wọ́n fún un ní ṣúgà láti máa wọ́n sórí rẹ̀. Ó ń wọ́n ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tó bá ọwọ́ mi mu nìyí. Mi ò tilẹ̀ ní láti gbìyànjú."

Mo wà ní yàrá nígbà tó pè mí lórí fóònù láti ilé ìdáná. Kò ní nǹkan kan láti sọ. Ó kàn fẹ́ kí Ìyáàfin Hruska rí i pé òun lè pè.

Nígbà tó ku àwa méjèèjì, ó ní ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pè wá ní olè. Mo ní lọ́yà wọn ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. "Ní kó wá wò ó, kó sì fi ohun tí ẹ jí hàn mí níbẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹwàá

Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbàdúrà. Mo kàn jókòó ti Màmá.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi ìjọba, kóòtù kò jókòó. Ì bá sàn ká ní ó jókòó. A padà sí òtẹ́ẹ̀lì, Darwin sì sọ ohun tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ Ẹtì — Erin fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ wa tán, Albina pẹ̀lú, kí ẹjọ́ parí. Mo bi í pé ṣé wọ́n á máa ṣe Albina lọ. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"O mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe."

Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní ìyàwó òun ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, kò sì dájú pé yóò padà. Kò tíì sọ fún mi rí. Dípò kí n gbá a mọ́ra, mo sọ pé ìyá wa ló fẹ́ tà. Ó jáde. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń rìn lórí òkúta wẹẹrẹ níta, síwá, sẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹwàá

Darwin jẹ́rìí. Ó sàn jù mí lọ. Lọ́yà Erin bi í bóyá ó ti lo fóònù Erin rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó fẹ́ràn rẹ̀? Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mà. Fóònù tó dára ni. Òun náà ni ìyá mi gbé lé ẹsẹ̀, tó sì ń sunkún."

Obìnrin ilé-ìwé yẹn wolẹ̀. Lọ́yà Erin kò bèèrè nǹkan mìíràn.

A jọ jẹ ẹja díndín lálẹ́. Ó fi ègé tó tóbi jù sínú àwo mi.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti wọlé lọ rò ó. A ń dúró. Guidry ń jẹ èékánná.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

A borí. A borí. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ohùn kan — a ò jí nǹkan kan. Àgbẹ̀ yẹn ló dìde kà á. Ọlọ́run má ṣàì dárí ohun tí mo rò nípa rẹ̀ jì mí. Darwin kọjú sí ògiri níta kóòtù, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo ní kó dárí jì mí, ó ní fún kí ni.

Mo pe Màmá. Mo sọ fún un. Ó wá ní, "Ẹ wá jẹun."

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹwàá

Prescott. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó kí wa kú oríire. Ó ní àtẹ ti kún.

Mo ní, "Ẹ ní tí a bá borí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń pinnu."

Mo bi í bóyá Erin ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ó wá fọhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá olókùnrùn sọ̀rọ̀. "Lorene, fóònù tí àwọn ènìyàn ń tò dé títì nítorí rẹ̀, ta ló ni ín? Tí wọ́n bá ní ká mú ọ̀kan, ká fi ọ̀kan sílẹ̀, èwo lẹ rò pé a máa mú?"

Mo ní igba Albina tó wà lọ́wọ́ àwọn aláìsàn ńkọ́? Ó ní ìdánwò ti parí. Wọ́n á gé wọn kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí oṣù bá parí.

Mi ò tíì sọ fún Màmá.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo ti pe àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù. Ọ̀kan ní kí a padà wá lẹ́yìn tí àwọn bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè gba ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀kan ní àwọn náà ń ta ti Erin. Àwọn tó kù kò pè padà. A jàre ní kóòtù, a ò rí ọ̀nà gbà.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹwàá

Ó parí. Àwọn tó fi owó wọn bá wa dá òwò sílẹ̀ dìbò pé kí a tà fún Erin. Darwin bá wọn dìbò. Ó wá bá mi nínú gáréèjì lẹ́yìn náà, ó ní, "Fóònù tí kò sẹ́ni tó lè rà, Sístà, ṣé fóònù ni?" Mo wá ìbínú nínú ara mi, mi ò rí i.

Èmi náà ti fọwọ́ sí i. Guidry ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù òkè, títí ó fi máa rẹ̀ wá. A ò gbọ́dọ̀ ṣe irú rẹ̀ mọ́. A ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ pé a ṣe é rí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ka ìwé tí mò ń kọ yìí náà mọ́ "ẹnikẹ́ni".

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún Màmá. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò jà, àbí?" Mo ní a ò jà. Ó ní ó dáa.

Ọjọ́rú, 31 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n gé fóònù Màmá ní ọ̀sán. Òun àti Ìyáàfin Hruska ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ fúngbà díẹ̀ kó tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kọkànlá

Mo mú Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Oníbodè. Kò sí ibòmíràn. Ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ tó dára, ó kun ètè — èmi ló bá a kùn ún.

Obìnrin onírun funfun kan dá wa lóhùn, ó mú àga wá fún Màmá. Ènìyàn dáadáa ni. Ó gbé ti Erin jáde, òun ni gbogbo orí àtẹ. Màmá gbìyànjú. Ó ya fọ́tò àjà. Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì, wọ́n gbé e, obìnrin náà sì bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Màmá tún gbìyànjú. Ó wá gbé fóònù náà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan di ìkejì mú.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú yín níbí. Ṣé nínú gbogbo ọlọ́pọlọ tó wà láyé yìí, kò sẹ́ni tó rò ó pé kí òun ṣe fóònù fún irú ọwọ́ yìí?"

Màmá wò mí. Mo mọ ohun tí mo fọwọ́ sí. Mo ń wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn," ni Màmá wí.

Obìnrin náà ní àdéhùn ọdún méjì ni, kí Màmá fọwọ́ síbí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jọ kọ orúkọ rẹ̀. Kò jọ ọwọ́ rẹ̀, kò jọ tèmi.

Nínú ọkọ̀, ó gbé fóònù tuntun náà lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bá mi fi í sọ́dọ̀ rẹ. Tí mo bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, màá ní kí Hruska pè ọ́."