Ìyá Oníyìnyín Òkè-Ìlá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Modúpẹ́ Àyọ̀kẹ́ Ọláoyè (1948–2025)

Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí tiwa, a kí yín. Ìlú Ìjan-Èkìtì ni wọ́n bí Màmá sí ní ọdún 1948, sínú agboolé àwọn àgbẹ̀ oníṣu tí kì í jẹ iyán àná. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ máa ń sọ pé igbe àkọ́ké wọn, ará Adó gbọ́ ọ. Àwa tí a bá wọn gbélé kò jiyàn.

Wọ́n ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjan, wọ́n sì ka ilé-ìwé mọ́dà ní Adó. Orí ìṣirò wọn pé. Orin ni kò wọ̀ wọ́n lára, síbẹ̀ wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ títí dọjọ́ ogbó, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún wọn. Ní 1971, wọ́n fẹ́ olùkọ́ Ayọ̀rìndé Ọláoyè ti àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó, ẹni tó ṣáájú wọn lọ ní 2009.

Ní 1979, Bàbá ra fìrísà kan kí ẹran má baà máa bàjẹ́. Ẹran kò rí àyè nínú rẹ̀. Kó tó di ọdún kejì, yìnyín Màmá ti ń dé gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ohun mímu ní Fájuyì. Wọ́n á se omi kí wọ́n tó dì í, ẹni tó bá sì ní kò mọ́ ti wá ìjà. Wọ́n a ní, “Omi tí èmi bá dì, áńgẹ́lì lè fi bọ́jú.” Yìnyín yìí ló rán ọmọ mẹ́ta lọ sí yunifásítì.

Dùnmínínú, àbígbẹ̀yìn wọn, kàwé títí ó fi dé ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù, níbi tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń di yìnyín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí, tí wọ́n ń gbé nínú àwọn ihò tíntìntín tí omi iyọ̀ wà nínú yìnyín náà. Inú Màmá dùn. Wọ́n gbà pé ọmọ ti jogún òwò.

Àfi ọdún 2016. Dùnmínínú wálé, wọ́n pè é sórí rédíò kan ní Adó, ó sì sọ pé yìnyín òkun kì í ṣe òkú nǹkan, ẹ̀mí kún inú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, “òkun” ti já bọ́ nínú ọ̀rọ̀. Ohun tí gbogbo Òkè-Ìlá ń sọ ni pé ọmọ Ìyá Oníyìnyín fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé kòkòrò ń bẹ nínú yìnyín. Ní ọjọ́ ìkórè, ìjọ dá yìnyín Màmá padà. Bàbá Ìjọ Olúwarótìmí mu ohun mímu tí kò tutù lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ajẹ́rìíkú.

Ó dun Màmá wọra. Wọ́n ní, “Ọmọ tí mo fi yìnyín tọ́ ló wá ba yìnyín jẹ́.” Wọn kò bá Dùnmínínú sọ̀rọ̀ mọ́. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ewúrẹ́ ni wọ́n ń sọ fún pé iyán ti wà nílẹ̀ o, kí ẹni tí ebi bá ń pa máa bọ̀.

Dùnmínínú gbé ẹ̀rọ awò rẹ̀, èyí tó ń sọ ohun wẹ́wẹ́ di ńlá lójú, jáde síwájú ìsọ̀ kan ní Fájuyì, àwọn èèyàn sì tò láti wò ó. Ó kọ́kọ́ fi yìnyín Màmá síbẹ̀. Ẹni tó wò ó kò rí ohun tó ń mira. Màmá tú gèlè, wọ́n tún un wé. Lẹ́yìn náà ló kán omi mìíràn sí i láti inú ìgò kan tó ti ń gbé nínú fíríìjì Màmá fúnra wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Omi yìnyín òkun tó gbé ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni. Màmá bẹ̀rẹ̀ sórí awò náà, wọ́n dijú kan. Wọ́n rí àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ bíi díńgí, tí wọ́n ń yọ́ rìn jẹ́jẹ́. Màmá Àyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ láti kí wọn.

“Ẹ kúulé o!”

Bàbá Ìjọ, tó kàn lórí ìlà, bá àwọn ẹ̀dá náà dáhùn pé, “Ẹ káàbọ̀ o.”

Màmá béèrè bí wọ́n ṣe ń fara da òtútù. Dùnmínínú ní nǹkan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ni wọ́n ń tú jáde láti fi bora, àti pé àwọn ni ẹja òkun ibẹ̀ gbójú lé kí ebi má baà pa á. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, “Dùnmínínú, lọ jẹun. Iyán ti wà nílẹ̀.” Ọmọ náà bú sẹ́kún, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́.

Láti ìgbà náà, nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò nínú ìjọ, Màmá a fi àwọn ará inú yìnyín kún un. Bí iná bá lọ tí fìrísà ń yọ́, wọ́n a kẹ́dùn pé bó ṣe ń ṣe wọ́n lọ́hùn-ún nìyẹn.

Ní Oṣù Kejìlá 2024, àìsàn dé. Dùnmínínú wà nínú ọkọ̀ ojú omi láàárín yìnyín. Màmá kọ̀ kí a pè é. Wọ́n ní, “Bí ẹ bá pè é, ọkàn rẹ̀ á wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní lè wá.” Wọ́n sùn nínú Olúwa ní Oṣù Kìíní 2025. Àwọn àgbà ẹbí ní ó ti pẹ́ jù kí òkú máa wà nílé ìgbókùúsí, ṣùgbọ́n àwa ọmọ kò gbà.

Màmá fi Tìmílẹ́yìn, Bùkọ́lá àti Dùnmínínú sáyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Olúwadámiláre, Olúwabùsáyọ̀ àti Dámilọ́lá.

Màmá, Dùnmínínú ti dé. Ẹ̀gbẹ́ pósí yín ló jókòó sí láti àárọ̀. Ẹ kò ní dúró nínú òtútù mọ́. Ilẹ̀ Adó móoru. Ẹ sùn re o.