Ẹ Má Tíì Ra Ẹ́ńjìnì fún Ọkọ̀ Bàbá

Bọ̀dá Kabir mi,

Ẹ kú àjò, ẹ kú òtútù. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti rọlẹ̀ díẹ̀, àlùhàmúdùlílàhì.

Tòyótà tí Bàbá fi sílẹ̀, tó ń gbé Màámi lọ sí kíliníìkì ní Ring Road, ń húkọ́, kò lè gun òkè mọ́. Mọ́ṣúdù mẹkáníìkì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, kò sí ìyàtọ̀. Ló bá ní kí ẹ kúkú ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. A kì í sin ẹni tó ṣì ń mí."

Ó wọn agbára sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ẹ́ńjìnì náà. Mẹ́ta le dáadáa, ọ̀kan rọ̀. Ó kán ọ́ìlì sínú èyí tó rọ̀, ó tún un wọ̀n, síbẹ̀ kò le sí i.

Ó ní, "Àǹtí Sàídá, tó bá jẹ́ ríìngì inú sìlíńdà ló ti gbó ni, ọ́ìlì yẹn ì bá dí i. Fáàfù orí ẹ́ńjìnì ló ń jò."

Orí ẹ́ńjìnì nìkan la ó ṣí láti pààrọ̀ fáàfù náà, a ò nílò ẹ́ńjìnì mìíràn, mo sì máa dúró tì í.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó tòkunbọ̀ yẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé. Màámi kì í béèrè ọkọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè. Ọlọ́hun á mú yín dé láyọ̀. Tòyótà Bàbá náà ni n óò fi wá gbé yín ní pápákọ̀ òfurufú.

Àbúrò yín,
Sàídátù