Bàbá, Ẹ Gbé Ẹ̀rọ Yẹn Kúrò Lára Ògiri Ìyá

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó ìdílé. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ẹ̀gbọ́n Sálíù tó ń tọ́jú oko iṣu, mo sì kí gbogbo ará Manigri tó bá ka ìwé yìí. Àlàáfíà ni mo wà ní Faransé níbí, àfi òtútù. Òjò wọn ń rọ̀ wẹliwẹli láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì ń dá nìkan jẹun.

Bàbá, inú ń bí mi. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ń sọ fún wọn ní Bassila pé ẹja ni mo ń kà. N kì í ka ẹja. Àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun tó ń fún ọmọ lọ́mú, ohùn ló fi ń wá ọmọ rẹ̀ nínú omi tó ṣókùnkùn. Èmi ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ariwo ọkọ̀ ojú omi ṣe ń rìn jìnnà tó, àti ibi tí ọmọ kò ti ní gbọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn ẹranko náà kì í sá mọ́, pé ó ti mọ́ wọn lára. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé pé èyí tí kò sá mọ́ lè jẹ́ èyí tí etí rẹ̀ ti di.

Àfi bí mo ṣe pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo tún bá ọ̀rọ̀ kan náà nílé. Ẹ ti pa ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ èlùbọ́ lẹ́bàá ògiri yàrá Ìyá nítorí ìrun. Mo kí Ìyá títí ohùn mi fi há. Ó wá ń bi yín pé, “Ta ni yẹn?” Ẹ ní rẹ́sò fóònù ni kò dáa, pé ohùn kò wọlé dáadáa. Rẹ́sò wo? Ẹ̀yin ń gbọ́ mi ketekete. Mo ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sẹ́yìn oko kajú, ẹ ní àwọn oníbàárà kò ní rìn débẹ̀. Ẹ tún ní inú omi ni ariwo tèmi ti ń ṣèpalára, pé Manigri kò ní òkun. Lẹ́yìn náà ẹ ní Ìyá alára kò ráhùn nípa ariwo ẹ̀rọ mọ́, pé ó ti mọ́ ọn lára. Bàbá, ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Ìyá lọ sílé ìwòsàn ní Bassila lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Kí Ẹ̀gbọ́n Sálíù sì ti gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò kí Ìyá tó padà dé.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí iṣu ta, kí kajú so. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà ní Pénéssoulou. Ẹ bá mi kí Ìyá náà. Ẹ sún mọ́ etí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dárúkọ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráfíù